Ohun Tó Ń Jó Inverter Ilé Ìgbẹ̀bí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan àti Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Bá Wa Tú U

Inverter 1 kVA kan, tó ń lo bátìrì 12 V kan ṣoṣo, ló ń gbé fíríìjì kékeré àti gílóòbù yàrá ìgbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí aládàáni kan láàárín Òrò àti Òmù-Àrán. Inú fíríìjì yẹn ni wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ oxytocin sí, èyí tí àwọn agbẹ̀bí fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Láàárín 2°C sí 8°C ló yẹ kó wà. Bí ooru bá ń mú un lójoojúmọ́, agbára rẹ̀ á máa dín kù, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò lè rí i lára ìgò. Inverter yìí jó. Wọ́n tún un ṣe, ó tún jó. Ó ti gba ọwọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó fi mọ́tò gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin.

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ọ̀fà, ní Ìgbàjà, ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó dá mi lójú pé ẹ ti pàdé irú rẹ̀ rí. Mo sì ń kọ ọ́ nítorí ẹni tó bá wa tú u. Olùkọ́ mi ni wọ́n, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ mànàmáná tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun èlò iná tó kéré débi pé ojú ò tó o ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ wọn wádìí, àwọn èèyàn ò sì yé béèrè pé kí ni ìyẹn fẹ́ ṣe fún wa níbí. Mo fẹ́ kí ìdáhùn wà lákọsílẹ̀. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, nítorí náà Bàbá Prof ni n ó máa pè wọ́n, bí gbogbo wa ti ń pè wọ́n.

Sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ niṣẹ́ Bàbá Prof: ohun bíi sílíkọ́ọ̀nù, tí iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá fàlàlà bíi ti wáyà bàbà, tí kì í sì í dí iná lọ́nà pátápátá bí ike. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi ṣe súwíìṣì tí ohunkóhun kì í mì nínú rẹ̀. John Bardeen àti Walter Brattain ló kọ́kọ́ ṣe irú súwíìṣì bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní tírànsísítọ̀, ní oṣù Kejìlá 1947, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gá wọn, William Shockley, ṣe irú mìíràn tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú inverter wa, MOSFET, ọdún 1959 ni Mohamed Atalla, ọmọ Íjíbítì, àti Dawon Kahng, ọmọ Kòríà, ṣe é ní Bell Labs kan náà. Bàbá Prof kì í bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun láìsọ ọ́. "Ọmọ Áfíríkà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é." Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, kí wọ́n tó kọ ìlà àkọ́kọ́ sára bọ́ọ̀dù.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni MOSFET ní: gate, drain àti source. Gate kò kan sílíkọ́ọ̀nù rárá. Ìpele tín-ín-rín kan ló wà láàárín wọn, irú èròjà kan náà tó pọ̀ jù nínú gíláàsì. Bí a bá fún gate ní iná, á ti òdìkejì ìpele yìí fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jọ, ọ̀nà á là láàárín drain àti source, iná á sì kọjá. Bí a bá mú iná kúrò lára gate, ọ̀nà á dí. Ìpele tín-ín-rín yẹn ni Bàbá Prof lọ kà gboyè ọ̀mọ̀wé ní Ìlú Ọba.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n padà sílé. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ náírà di yẹpẹrẹ nígbà náà, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí òkè òkun. Bàbá Prof dúró. Ṣùgbọ́n yàrá tí a ti ń ṣe tírànsísítọ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ ju yàrá iṣẹ́ abẹ lọ, nítorí eruku kan ṣoṣo tóbi fíìfíì ju ohun tí à ń kọ́ lọ. Ẹ ro Ìlọrin wò nígbà ọyẹ́. Kò sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, owó tí a fi ń kọ́ ọ sì kọjá ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lè máa sọ lẹ́nu. Ni wọ́n bá ń kọ́ tírànsísítọ̀ tiwọn sínú kọ̀ǹpútà. Èdè Fortran ni wọ́n fi kọ ètò tó ń ṣírò bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń rìn lábẹ́ gate. Kọ̀ǹpútà á máa ṣiṣẹ́ mọ́jú, iná á lọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Mo ti fojú ara mi rí àwọn bébà gígùn tí èsì rẹ̀ wà lórí wọn, àwọn tí etí wọn ní ihò yẹn. Wọ́n ti pọ́n, Bàbá ṣì tò wọ́n sínú àpótí lọ́dún lọ́dún.

Nígbà tó yá, ohun tí wọ́n kà di ọ̀ràn gbogbo ayé. Bí tírànsísítọ̀ ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìpele tín-ín-rín náà ń fẹ́lẹ́ sí i, títí tó fi dé nǹkan bíi nánómítà 1.2 ní nǹkan bí ọdún 2004. Kò ju nǹkan bí átọ́ọ̀mù márùn-ún lọ. Irun orí èèyàn nípọn tó bíi nánómítà 80,000, kí ẹ fi wò ó. Nígbà tó fẹ́lẹ́ tó báyìí, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa yọ́ gba inú rẹ̀ kọjá bí a tilẹ̀ ti pa súwíìṣì. Ní 2007 ni Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, gbé èyí tó ń lo irin kan tó ń jẹ́ hafnium jáde, kí ìpele náà lè tún nípọn díẹ̀. Robert Dennard ti ṣàlàyé láti 1974 pé bí a bá ń sọ tírànsísítọ̀ di kékeré, tí a sì ń dín fólítéèjì rẹ̀ kù bákan náà, ooru tó ń jáde lójú àyè kan náà kò ní pọ̀ sí i. Nígbà tó máa fi di bíi 2005, fólítéèjì ò ṣe é dín kù mọ́, ooru sì gba ilé. Ìdí nìyẹn tí ìyára kọ̀ǹpútà kò fi fò sókè lọ́dọọdún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Bàbá Prof máa ń fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: níbo ni ooru ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló ń gbà jáde? Bàbá Olóoru là ń pè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n gun òrùlé lọ wọn pánẹ́ẹ̀lì sólà pẹ̀lú. Ní 25°C ni ilé iṣẹ́ ti ń wọn pánẹ́ẹ̀lì kí wọ́n tó kọ agbára rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lórí páànù Ìlọrin, ó lè gbóná dé 65°C lọ́sàn-án. Nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni pánẹ́ẹ̀lì sílíkọ́ọ̀nù ń pàdánù lórí díígírì kọ̀ọ̀kan. Ogójì díígírì, 16 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ra 300 W, nǹkan bíi 250 ló ń lò.

Ká padà sórí inverter.

Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ní bátìrì ló bàjẹ́, wọ́n sì ra tuntun. Èkejì ní àrá ló sán. Ẹ̀kẹta dé nígbà ọyẹ́, ó ní iná ara èèyàn ló ń pa MOSFET bí a bá fọwọ́ kàn án lásán. Ẹni kẹta yìí kò sọ ìsọkúsọ o. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, iná tó ń kóra jọ sí ara wa lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, 20 V péré sì ni gate lè gbà. Ó ń pa MOSFET lóòótọ́. Àmọ́ kálukú wọn ló ń yọ èyí tó jó, tó ń fi òmíràn sí i, tó ń gba owó, tó ń lọ. Kò sẹ́ni tó bi èyí tó jó ní ohun tó pa á.

Nǹkan méjì ló gbà wá, ọwọ́ Mátírónì ilé ìgbẹ̀bí náà ni méjèèjì sì ti wá. Èkíní, wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ooru fíríìjì sí láàárọ̀ lálẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ ọjọ́ tí inverter jó, ohun tí wọ́n pààrọ̀, àti iye tí wọ́n san. Èkejì, wọn kò jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan da àwọn MOSFET tó jó nù. Wọ́n ní, "Owó mi ló rà á, ẹ kó o fún mi." Gbogbo wọn wà nínú ọ̀rá oògùn kan, tí wọ́n kọ déètì sí lára.

Nígbà tí Bàbá Prof dé ṣọ́ọ̀bù, wọn kò wo inverter rárá. Wọ́n béèrè pé, "Àwọn tó kú dà?" Mo gbé ọ̀rá náà fún wọn. Wọ́n wo Mátírónì lójú, wọ́n ní, "Mátírónì, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ wa."

Wọ́n fi mítà kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Drain àti source ti lẹ̀ pọ̀ nínú gbogbo wọn. Bàbá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé bó bá jẹ́ iná ara ló pa MOSFET, inú ìpele abẹ́ gate ni ojú ọgbẹ́ á wà, á sì kéré púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo inú. Mo ki ọ̀kan bọ fáìsì, mo ń fún un díẹ̀díẹ̀ títí ara dúdú rẹ̀ fi sán, mo fi píláyà ṣa èérún rẹ̀ kúrò. (Ẹ wọ awò ojú o, èérún yẹn ń fò.) Lábẹ́ máíkíróskóòpù a rí ègé sílíkọ́ọ̀nù náà, ó rí pẹlẹbẹ, ó ń dán, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tó wà lẹ́yìn. Níbi tí wáyà source ti kàn án, sílíkọ́ọ̀nù ti yọ́, ó sì ti dì padà, ihò dúdú wà láàárín. Ẹ̀gbẹ́ gate mọ́ kedere.

"Ooru," ni Bàbá Prof wí.

A tún ṣí òmíràn, èyí tí déètì rẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí. Ègé sílíkọ́ọ̀nù inú tibí fẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú irin. Ti àkọ́kọ́ tí a ṣí kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà, IRF3205, ló wà lára àwọn méjèèjì. Bàbá ní kí n fi acetone díẹ̀ sára aṣọ funfun kí n nu orúkọ wọn. Ti àtijọ́ kò mì. Ti tuntun bá aṣọ lọ, ojú yángí sì hàn níbi tí ẹnìkan ti fi sáńpépà ha orúkọ gidi kúrò. Ọjà tí agbára rẹ̀ kéré ni wọ́n ha orúkọ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n wá tẹ orúkọ ọjà tó lágbára lé lórí.

A yọ ọ̀kan tí kò tíì jó nínú inverter, a sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà yìí kò ju agbára ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí lọ: ẹ fún gate ní 12 V, ẹ jẹ́ kí 5 A gba drain lọ sí source, kí ẹ fi mítà ka mílífóòtì, gẹ́lẹ́ ní gbòǹgbò ẹsẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe lórí wáyà. Ìdènà IRF3205 gidi, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó, kò gbọ́dọ̀ ju 0.008 Ω lọ nígbà tó bá ṣí tán, ìyẹn 40 mV. Tiwa ka 150 mV, 0.030 Ω nìyẹn. Bí ojú ègé sílíkọ́ọ̀nù bá ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí náà mítà àti máíkíróskóòpù ń sọ ohun kan náà.

Bàbá Prof gba ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ṣírò rẹ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹrù 600 W lórí bátìrì 12 V, pẹ̀lú èyí tó ń ṣòfò, ń fa nǹkan bíi 60 A. Mẹ́jọ ni MOSFET inú rẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sì ṣí, èkejì á pa. Mẹ́rin tó bá ṣí á pín 60 A, 15 A kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ooru inú ojúlówó nígbà tó bá ṣí: 15 lọ́nà 15 lọ́nà 0.008, ó jẹ́ 1.8 W. Nínú ayédèrú, 6.75 W. Bí kọ̀ǹpírésọ̀ fíríìjì bá sì ń ta jí, iná tó ń fà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ á di ìlọ́po ìlọ́po. Bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ègé kékeré yẹn kò sì ní àyè tó láti ta ooru náà sára irin. Mátírónì ní àwọn ti fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ náà rí, kò gbóná. Bẹ́ẹ̀ ni, inú sílíkọ́ọ̀nù ni ooru há sí, kò tíì dé ọwọ́ wọn tó fi pa á.

Ṣùgbọ́n kí ló pa àwọn ojúlówó? Ìwé Mátírónì ló dáhùn. Ohun méjì ló pa wọ́n, mo sì máa kan ìkejì láìpẹ́. Nígbà tí méjì jó ní ẹ̀gbẹ́ kan, méjì yẹn nìkan ni oníṣẹ́ pààrọ̀, ó sì fi ayédèrú méjì sáàárín ojúlówó méjì tó kù. Iná kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Ibi tí ìdènà kéré ló ń gbà jù. Bàbá ṣírò rẹ̀: ojúlówó kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi 24 A, ayédèrú kọ̀ọ̀kan ń gba bíi 6 A. Bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá jọ gbé àgbá omi, tí méjì kàn fọwọ́ kàn án lásán. Ooru inú ojúlówó fò láti 1.8 W lọ sí nǹkan bíi 4.5 W. Lóòótọ́, bí MOSFET bá ti ń gbóná, ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó ń ti iná díẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù, ṣùgbọ́n èyí kò tó. Ojúlówó méjì tó kù yẹn ló jó tẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo bó ṣe rí lójú oníṣẹ́. Ó ṣí inverter, ó rí i pé àwọn àtijọ́ ti jó, àwọn tuntun tóun fi sí i ṣì dára. Kí ló kù tó fẹ́ rò? Ó rò pé tuntun ló lágbára jù, ó sì fi irú rẹ̀ rọ́pò gbogbo yòókù. Láti ìgbà náà, ayédèrú mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, inverter kò sì tún gbádùn mọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Mítà lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn án. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, nítorí ojúlówó tó ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ ló dà bí èyí tí kò dára.

Ohun kejì rèé, òun ló ti wà níbẹ̀ kí ayédèrú tó dé. Bàbá Prof tọpa wáyà bátìrì dé ìdí, wọ́n sì rí i pé orí wáyà kan ti tú, ó ti dúdú. Bí ìdènà ojú ìsopọ̀ kan bá tó 0.01 Ω péré, 60 A á sọ ọ́ di 36 W, ooru tó ju ti gbogbo MOSFET ojúlówó lápapọ̀ lọ, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò. Fólítéèjì tó ń dé inverter á wálẹ̀, iná tó ń fà á sì pọ̀ sí i. Ihò fáànù náà ti kún fún eruku ọyẹ́. Ibí yìí ni ohùn Bàbá ti le díẹ̀. Bátìrì tuntun ni Mátírónì rà, wáyà tó tú yẹn sì ni oníṣẹ́ tún so mọ́ ọn.

Títún un ṣe kò gba àkókò bí ìwádìí ti gbà á. A yọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo ra MOSFET níbi púpọ̀, mo sì ń wọ̀n wọ́n ní 5 A lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó tán. Inú oríṣiríṣi tí mo rà, ọ̀pọ̀ kò yege. Mẹ́jọ tí iye wọn sún mọ́ ara wọn, tí wọ́n ti inú páálí kan náà wá, ni mo lẹ̀ sí i. A pààrọ̀ orí wáyà, a fọ ihò fáànù, a fi páàsì tuntun tó ń gbé ooru kọjá (thermal paste) sí ẹ̀yìn irin. Bàbá ní kí a so tẹmómítà kékeré kan mọ́ irin náà, kí Mátírónì máa kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti fíríìjì. Wọ́n ń kọ ọ́ dòní. Ó ti kọjá ọyẹ́, ó ti kọjá ooru oṣù Kejì àti Ìkẹta tí gbogbo ará Kwárà mọ̀, fíríìjì kò sì kúrò láàárín 2 sí 8.

Mo bi Bàbá Prof bóyá wọ́n rò ó rí pé iṣẹ́ nánómítà àwọn á já sí inverter ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n ní ìbéèrè náà ò yé àwọn: ìṣirò ooru tó wà nínú bébà àtijọ́ yẹn náà ni àwọn kọ sára ògiri mi, ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ní tèmi, ohun tó ń ká mi lára ni pé Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti 1975, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwárà (KWASU) wà ní Malété láti 2009, Yunifásítì Landmark wà ní Òmù-Àrán láti 2011, bẹ́ẹ̀ oníṣẹ́ tó ra MOSFET ní Ọ̀fà kò ní tábìlì kan tó lè gbé e lọ kí wọ́n bá a wọ̀n ọ́n. Ohun tí à ń sọ kò ju bátìrì kan, mítà kan àti bọ́ọ̀dù tó tó àtẹ́lẹwọ́. Kò sóhun tó dí ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ láti ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ fún un lọ́sẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ iṣẹ́ jọ dúró tì í.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, a ti ṣe bọ́ọ̀dù ìwọ̀n náà. Bàbá Prof yà á, àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ̀ ẹ́. Àwọn ayédèrú tí kò jó, a fi máákà kọ 0.030 sí wọn lẹ́yìn, òun ni ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kọ́ṣẹ́ kọ́kọ́ ń wọ̀n, kó tó kan ti oníbàárà.